Ohùn Tuntun tí Glazoué Kò Lè Gbọ́

Ẹ ka ìtàn yìí dé òpin, ẹ̀yin ará mi, ẹ má ṣe fi í sílẹ̀ lágbede méjì. Ẹni tó bá kà á tán, kó kà á sétí ẹlòmíràn.

1.
Nígbà Rẹfolúsíọ̀n, ìyẹn àsìkò ìyípadà ìjọba, tí gbogbo wa ń pe ara wa ní kámárádì, ọkùnrin kan wà ní abúlé kan lórí òkè Dassa, Léonard lorúkọ rẹ̀. Ènìyàn rere ni. Kì í pa Máàsì ọjọ́ Àìkú jẹ, ọdọọdún ló sì ń fẹsẹ̀ rìn lọ gbàdúrà ní ihò àpáta Màríà ní Arigbo. Òun ni wọ́n fi sídìí ẹ̀rọ rédíò ilé ìwòsàn kékeré abúlé náà, èyí tí wọ́n fi ń bá Glazoué sọ̀rọ̀ láìsí wáyà. Glazoué ni ọkọ̀ tó ń gbé aláìsàn wà. Bí ara ẹnikẹ́ni bá le, Léonard á pe Eustache, ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lọ́hùn-ún, ọkọ̀ á sì dé kí wákàtí kan tó pé.

Léonard ní àbúrò kan, Félicité. Òun ló tọ́ ọ dàgbà lẹ́yìn ikú ìyá wọn. Félicité ti bímọ méjì, méjèèjì ni kò ké rárá. Oyún kẹta ló wà nínú rẹ̀ yìí. Màmá Jeanne, agbẹ̀bí, ti kìlọ̀: “Lọ́tẹ̀ yìí, bí ọmọ bá ti ń mú un, ẹ pe ọkọ̀. Ọwọ́ tèmi nìkan kò lè ká a.”

2.
Ní ọjọ́ kan, Grégoire tó ń tún ẹ̀rọ ṣe gbé rédíò tuntun dé láti Cotonou.

“Ohùn eléyìí tín-ín-rín, ó ń rìn jìnnà, kì í sì í jẹ bátìrì. Àmọ́ ẹ gbọ́ o, kámárádì: ẹ ó máa gbọ́ ẹ̀rọ àtijọ́, ẹ̀rọ àtijọ́ kò ní gbọ́ yín. Bí igbe pẹ́pẹ́yẹ lọ̀rọ̀ yín yóò máa dún létí wọn. Lẹ́yìn ìkórè iṣu ni ti Glazoué ń bọ̀. Títí dìgbà náà, ẹ jẹ́ kí méjèèjì wà lórí tábìlì.”

“Ó ti yé mi.”

Ó sì yé e lóòótọ́. Ẹ̀yin ará, ṣé àìmọ̀ ló ń pa wá ni?

3.
Nicolas, olórí àwọn ọ̀dọ́ ìgbìmọ̀ Rẹfolúsíọ̀n, wá wo ẹ̀rọ náà pẹ̀lú èrò lẹ́yìn. Ó na ìka sí ti àtijọ́.

“Kámárádì Léonard, kí ni òkú yìí ń ṣe níbí? Àbí o fẹ́ sin ín sórí tábìlì ni?”

Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Ìtìjú mú Léonard. Lójú wọn níbẹ̀ ló tú ẹ̀rọ àtijọ́ palẹ̀ bí ẹni ń kun adìyẹ, ó sì fún Nicolas ní bátìrì rẹ̀ kó lọ fi sí gbohùngbohùn ìpàdé. Wọ́n pàtẹ́wọ́: “Ọmọ ìlọsíwájú!” Ìyìn náà wọ̀ ọ́ lórí ju ẹmu lọ.

Àṣà iṣẹ́ wọn ni pé kí wọ́n máa pe ara wọn ní ọ̀sán gangan lójoojúmọ́, ẹni tí a pè sì gbọ́dọ̀ tún ohun tó gbọ́ wí kí a tó pa ẹ̀rọ. Léonard sọ àṣà yìí di eré. Bí èrò bá pé jọ, á fi ohùn tuntun pe Glazoué, Eustache á sì pariwo: “Ta ló tún da pẹ́pẹ́yẹ sí mi létí? Léonard, ìwọ ni! Gbé ti àtijọ́!” Àwọn èrò á rẹ́rìn-ín títí omi á fi jáde lójú wọn. Eustache kò mọ̀ pé ti àtijọ́ ti di títú; nígbà tó yá, kò bínú mọ́: “Ó tún ti dé pẹ̀lú agbo pẹ́pẹ́yẹ rẹ̀.”

Félicité nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Fòfó, ìyẹn ẹ̀gbọ́n, ló máa ń pe Léonard.

“Fòfó, ọwọ́ ẹni tí ẹ ń fi ṣẹ̀sín yẹn ni ọkọ̀ mi wà o.”

“Fọkàn balẹ̀, àbúrò mi. Oṣù kan àbọ̀ ló ṣì kù fún ọ. Ti Glazoué á ti dé.”

“Ọmọ inú mi kò mọ kàlẹ́ńdà, Fòfó.”

4.
Òwúrọ̀ ọjọ́ Ẹtì kan ni ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí í mú Félicité, ọjọ́ rẹ̀ kò tíì pé. Màmá Jeanne jáde láti yàrá ìgbẹ̀bí, ẹ̀jẹ̀ dé ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀.

“Léonard! Ọkọ̀!”

Ó fò mọ́ ẹ̀rọ. “Glazoué! Glazoué! Félicité ń kú lọ! Eustache, mo fi Màríà bẹ̀ ọ́!”

Ohùn Eustache jáde kedere, ẹ̀rín wà nínú rẹ̀: “Léonard, o tètè jí lónìí! Ọkọ̀ wà níwájú mi níbí, awakọ̀ ń jẹ ẹ̀wà, ọwọ́ wa dilẹ̀. Bí o bá fẹ́ nǹkan, fi ohùn ènìyàn sọ ọ́.”

Ẹ wo ìyà! Ó ń gbọ́ ẹni tó lè gbà á, ẹni náà kò gbọ́ ọ. Ó ké títí ohùn rẹ̀ há. Eustache ní, “Ó dàbọ̀ o, ìwọ àti àwọn pẹ́pẹ́yẹ rẹ.”

Léonard sáré sọ òkè kalẹ̀, òkúta gé e lẹ́sẹ̀. Ó pẹ́ lójú títì kí ọkọ̀ akẹ́rù kan tó dúró gbé e dé Glazoué. Nígbà tí Eustache rí i, ọwọ́ ló fi bo ẹnu. Òun fúnra rẹ̀ bá ọkọ̀ aláìsàn wá.

Wọ́n bá Félicité láàyè. Ọmọbìnrin ni ọmọ náà. Òun náà kò ké. Màmá Jeanne sọ pé ibi tí ọmọ ń jókòó sí nínú ìyá rẹ̀ ti bàjẹ́. Kò ní lóyún mọ́.

5.
Léonard dọ̀bálẹ̀ lẹ́bàá ẹní, kò lè gbójú sókè. Félicité gbé ọwọ́ lé e lórí.

“Ẹ dìde, Fòfó. Ẹ̀yin lẹ tọ́ mi. Mi ò ní kórìíra yín. Ṣùgbọ́n ẹ má sọ pé Ọlọ́run ló fẹ́ ẹ bẹ́ẹ̀.”

Ọjọ́ kọkànlá lẹ́yìn ìsìnkú ọmọ náà ni ẹ̀rọ tuntun ti Glazoué dé. Ní ọ̀sán, Eustache pè, ohùn rẹ̀ mọ́ bí omi orísun: “Léonard, ṣé o ń gbọ́ mi? Mo ti lè gbọ́ ọ báyìí.”

Léonard mú ẹ̀rọ dání. Ó tún un wí gẹ́gẹ́ bí àṣà: “O ti lè gbọ́ mi báyìí.”

Ẹ̀yin òǹkàwé mi, ẹ má dá a lẹ́jọ́. Ta ni ìyìn èrò kò tíì mú orí rẹ̀ wú rí? Ìwé Mímọ́ sọ pé ìgbéraga ní í ṣáájú ìparun. Ohun tuntun dára, ẹ gbà á. Ṣùgbọ́n ẹ má pa ti àtijọ́ títí ẹni tí ẹ̀mí yín wà lọ́wọ́ rẹ̀ yóò fi lè dá yín lóhùn nínú ti tuntun. Òjò ṣú kì í ṣe òjò rọ̀: a kì í tìtorí pé òjò ṣú, ká da omi inú àmù nù.