Ohùn Màámi Nínú Àpótí Oko

Kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kan ọkọ́ ní àsìkò òjò, àpótí oko, ẹ̀rọ tó ń sọ bí òjò yóò ṣe rí, ni a kọ́kọ́ ń bi léèrè. Ní ọdún yìí, ohùn ìyá wa tó ti kú ni wọ́n fi sí i. Wọ́n ní ọmọ kì í jiyàn pẹ̀lú ìyá rẹ̀.

"Ẹ̀yin ọmọ mi," ni àpótí náà wí, "mo ti wo ojú ọ̀run lókè réré lórí òpin ayé níhà àríwá, níbi tí oòrùn kì í yọ nígbà òtútù. Ìgbì afẹ́fẹ́ tó ń gòkè níbẹ̀ kò fọ́, kò sì da ẹ̀fúùfù tó ń gbé òjò wá sọ́dọ̀ wa rú. Òjò àkọ́rọ̀ kò ní já yín kulẹ̀. Ẹ gbìn." Ó wúkọ́ díẹ̀.

Olúgbadé, àbúrò mi, ti gbé àpò irúgbìn àgbàdo kan ṣoṣo tó kù fún wa lé èjìká.

"Dúró ná," ni mo wí. "Àwọn tó ń ta irúgbìn fún wa ló ni àpótí yìí."

"Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé Màámi náà lẹ tún fẹ́ bá jiyàn? Ẹ jẹ́ kí òkú sinmi."

Mo rántí ọdún ọ̀dá, nígbà tí Màámi máa ń gbé àwo ẹ̀bà kan ṣoṣo síwájú àwa méjèèjì, tí á wúkọ́ díẹ̀, tí á ní òun ti jẹun, bẹ́ẹ̀ ebi ń pa á. Mo sún mọ́ àpótí náà.

"Màámi, ṣé ẹ ti jẹun?"

Ó wúkọ́ díẹ̀. "Mo ti jẹun, ọmọ mi. Ẹ jẹ tiyín."

Olúgbadé rọra sọ àpò náà kalẹ̀, ó sì jókòó lé e.