Ìyókù tó Wà Lọ́wọ́ Akínfẹ́mi

Ìwàǹwára ni àbùkù Akínfẹ́mi. Kì í ṣe olè, kì í ṣe ọ̀mùtí, àmọ́ kò sí ohun tó lè dúró tì títí tí yóò fi jinná. Bó bá jókòó sídìí oúnjẹ, ojú rẹ̀ á ti wà lára fóònù. Bó bá mú fóònù, ọkàn rẹ̀ á ti wà lójú ọ̀nà. Ohun tuntun ṣáá ló ń lé kiri. Tọ́wọ́ rẹ̀ bá sì ti bà á, ó ti sú u nìyẹn.

Òṣìṣẹ́ báńkì ni, GRA ní ìlú Benin ló ń gbé. Níbẹ̀ ló ti wọ ẹgbẹ́ àwọn ọmọ Yorùbá kan tí wọ́n ń pín ètò tó ń mú kọ̀ǹpútà ṣiṣẹ́ láàárín ara wọn lọ́fẹ̀ẹ́. Ètò náà kì í ti ibì kan ṣoṣo wá. Inú kọ̀ǹpútà ẹnìkan ni ẹlòmíràn ti ń bù ú: ẹni tó bá ti rí díẹ̀ gbà yóò máa fún ẹlòmíràn nínú díẹ̀ náà, títí yóò fi pé lọ́wọ́ gbogbo wọn. Òfin kan ni wọ́n ní: bí o bá gbà á tán, má pa kọ̀ǹpútà rẹ, jẹ́ kí àwọn tó kù rí i bù. Bí iná bá wà ní àdúgbò Ogida, àwọn ará Ogida á ṣí tiwọn sílẹ̀. Bí iná bá lọ lọ́dọ̀ wọn tó dé Uwasota, àwọn ará Uwasota á gbà á ṣe. Ká fi ọ̀tún wẹ òsì, ká fi òsì wẹ ọ̀tún, ni ọwọ́ fi ń mọ́.

Iná kì í sábà lọ ládùúgbò Akínfẹ́mi, ó sì tún ní ìnfátà, ẹ̀rọ tó ń tọ́jú iná pamọ́. Ẹni tó yẹ kó ṣí tirẹ̀ sílẹ̀ jù lọ gan-an ni kì í ṣí i. Òun ló máa ń kọ́kọ́ gbà tán, á kéde rẹ̀ lórí Wásáàpù, á sì pa kọ̀ǹpútà dé. Àwọn èèyàn rò pé ẹni tó ń ṣáájú ló mọ̀ jù. Nígbà tí ẹgbẹ́ fẹ́ ṣí kíláàsì kọ̀ǹpútà fún àwọn ọmọ, òun ni wọ́n fi ṣe alága.

Kíláàsì yìí jẹ gbogbo wọn lọ́kàn. Àwọn ọmọ wọn ń gbọ́ Yorùbá, àmọ́ Pijin ni wọ́n fi ń fèsì. Èyítọ́pẹ́, olùkọ́ kan ní Uwasota, wá jókòó ti ètò ọ̀fẹ́ náà fún ọ̀pọ̀ oṣù, ó yí gbogbo ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ sí Yorùbá, ó sì fi ẹ̀kọ́ àti ohùn sí i. Nígbà tí ìyá Akínfẹ́mi gbọ́ ní Ìkìrun, ó ní òun ń bọ̀ níbi ṣíṣí náà, kí òun lè gbọ́ Yorùbá lẹ́nu Fìyìnfólúwa, ọmọ-ọmọ òun.

"Ṣé ìwọ fúnra rẹ ò lè kọ́ ọmọ yìí ni?" ni ìyá bi í lórí fóònù.

"Màámi, ibo làyè wà? Ẹ ṣáà máa bọ̀. Kọ̀ǹpútà á kọ́ ọ."

Ọ̀sẹ̀ ṣíṣí náà kò, Èyítọ́pẹ́ sì ṣí ètò rẹ̀ sílẹ̀ kí wọ́n máa bù ú. Bí ìṣe rẹ̀, Akínfẹ́mi ló kọ́kọ́ gbà tán. "Tèmi ti pé o! Ẹ̀yin ń kọ́?" ló kọ sórí Wásáàpù, ó sì pa kọ̀ǹpútà dé. Kò pẹ́ tí Títíloyè, ọ̀dọ́kùnrin kan tó ń tún fóònù ṣe ní Ogida, fi pè é.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ dákun, ẹ ṣí i padà. Tiwa ku díẹ̀ kó pé, iná Uwasota sì ń ṣe ségesège."

"Abeg, Títí, Èyítọ́pẹ́ ṣì wà níbẹ̀. Mo ń sáré lọ síbì kan."

Irọ́ ni. Ìdí kọ̀ǹpútà kan náà ló sáré padà sí. Ó ti gbọ́ pé ètò mìíràn tó tún jẹ́ tuntun jáde lókè òkun. Nígbà tí àyè kò gbà á, ó nu iṣẹ́ Èyítọ́pẹ́ kúrò pátápátá. Ó ní bí òun bá tún nílò rẹ̀, òun á bù ú lọ́wọ́ wọn. Ohun tá a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tá a bá fagbára mú ní í le koko.

Iná lọ ní Uwasota lóòótọ́. Nígbà tó sì dé padà, agbára burúkú ló bá dé, ó sun kọ̀ǹpútà Èyítọ́pẹ́ àti iṣẹ́ tó wà nínú rẹ̀. Ti àwọn tó kù dúró sórí mẹ́tàdínlọ́gọ́rùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún, kò sì lè ṣiṣẹ́ láìpé. Síbẹ̀, Èyítọ́pẹ́ kò sunkún. Ó pe Akínfẹ́mi.

"Alága, ẹ ṣeun tí tiyín pé. Ẹ bá wa ṣí i."

"Màá... màá wò ó," ni Akínfẹ́mi wí.

Láti ìgbà náà, kò jókòó mọ́. Ó tú gbogbo ilé bóyá ẹ̀dà kan ṣì kù, kò rí i. Ó wakọ̀ lọ sí Uwasota, ó wakọ̀ dé Ogida, ó ń yọjú wo kọ̀ǹpútà onílé àti ti àlejò, bóyá ti ẹnìkan á ti pé.

"Ẹ̀gbọ́n," ni Títíloyè wí, ẹnu yà á, "ṣebí ọwọ́ yín ni ìyókù wà?"

Ẹni tó da eérú leérú ń tọ̀. Ìwọ̀nba tí kò jẹ́ kó kọjá sọ́dọ̀ wọn ni òun náà ń wá káàkiri. Ìtìjú kò jẹ́ kó sọ fún ẹgbẹ́, kò sì jẹ́ kó sọ fún ìyá rẹ̀ pé kó má wá.

Ní Sátidé, ọjọ́ ṣíṣí, gbọ̀ngàn ẹgbẹ́ kún, ìyá Akínfẹ́mi sì ti dé. Àwọn ọmọ jókòó síwájú kọ̀ǹpútà tí ojú wọn dúdú. Ibẹ̀ ni Akínfẹ́mi ti jẹ́wọ́ fún Èyítọ́pẹ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, àmọ́ ọ̀rọ̀ náà rìn dé ẹ̀yìn gbọ̀ngàn kó tó sọ ọ́ tán. Fìyìnfólúwa lọ kúnlẹ̀ síwájú ìyá àgbà.

"Grandma, sorry. Na Daddy first get am. E no gree share, e come delete am."

Ìyá yíjú sí ọmọ rẹ̀. "Akínfẹ́mi, kí lọmọ yìí ń wí?"

Kò sí ẹni tí kò lè túmọ̀ rẹ̀ nínú gbọ̀ngàn náà. Wọ́n fi í sílẹ̀ fún un. Akínfẹ́mi wo ẹnu ọ̀nà, àmọ́ kò ríbi sáré lọ.

"Ó ní... ó ní èmi ni mo kọ́kọ́ gbà á, Màámi. Pé mi ò fún wọn, mo sì nù ún kúrò."

Ìyá kò bú u. Ó fa ọmọ-ọmọ rẹ̀ mọ́ra, ó ní, "Dìde, ọmọ mi, jẹ́ ká máa lọ." Ọmọ náà gbọ́ ọ dáadáa. "Okay, Grandma," ló fi dá a lóhùn.

Ọjọ́ náà ni wọ́n gba ipò alága lọ́wọ́ Akínfẹ́mi, wọ́n fún Èyítọ́pẹ́, ẹni tó ní láti tún iṣẹ́ náà bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀. Ìyá padà sí Ìkìrun láìgbọ́ ohun tó wá gbọ́.

Kí ẹnikẹ́ni tó bá ka èyí fi Akínfẹ́mi ṣe àríkọ́gbọ́n. Ohun tá a bá rí gbà lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ èèyàn, ti ọ̀pọ̀ èèyàn ni. Kò yẹ kó kú sọ́wọ́ wa. Má ṣe sáré kúrò nídìí ohun rere kí ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ tó rí tirẹ̀ gbà, má sì ṣe fi iṣẹ́ ẹnu rẹ sílẹ̀ fún ẹ̀rọ. Àjọjẹ ò dùn bẹ́nìkan ò ní. Ẹni tó bá gbà tán tó sì ti ilẹ̀kùn, ara rẹ̀ ló tì mọ́ta.