Obìnrin Tí Ojú Rẹ̀ Kò Gba Koríko Tó Ń Sinmi

Obìnrin kan wà tí ìwà burúkú rẹ̀ kò ju ẹyọ kan lọ: ojú rẹ̀ kò gba ohunkóhun tó bá ń sinmi. Bó bá rí àga tí ẹnikẹ́ni kò jókòó lé, á ká aṣọ lé e. Bó bá rí ìkòkò tó ṣófo, á pọnmi kún un. Ọkọ rẹ̀, káfíńtà jẹ́ẹ́jẹ́ kan, kò gbọ́dọ̀ dijú lọ́sàn-án. Á mì í jí, á bi í pé, “Bàbá wọn, ṣé oorun yẹn ń lọ dáadáa?” Kò-Sinmi làwọn èèyàn ń pè é, òun náà sì ń jẹ́ ẹ tẹ̀ríntẹ̀rín bí ẹni pé oyè ni.

Lẹ́yìn ilé wọn, òkè kan wà tí koríko bò láti ìsàlẹ̀ dé orí. Ìdílé mọ́kànlá ló jọ ni ín, màlúù mẹ́ta péré ni ìdílé kọ̀ọ̀kan sì lè kó síbẹ̀. Wọ́n fi ọgbà pín òkè náà sí ọ̀nà mẹ́rin. Bí àwọn màlúù bá ti jẹ apá kan díẹ̀, wọ́n á tì í, wọ́n á ṣí òmíràn. Apá kan sì máa ń wà ní títì títí koríko ibẹ̀ á fi yọ òdòdó, tí á gbó, tí irúgbìn rẹ̀ á sì bọ́ sílẹ̀. Ẹ̀gbọ́n bàbá Kò-Sinmi ló ń bójú tó o. Nígbà tí orúnkún kò jẹ́ kí bàbá náà lè gun òkè mọ́, ó kó kọ́kọ́rọ́ ilẹ̀kùn ọgbà lé Kò-Sinmi lọ́wọ́.

“Ọmọ mi,” ó ní, “iṣẹ́ yìí kò le. Èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ ni pé kéèyàn má ṣe nǹkan kan.”

“Ẹ fọkàn balẹ̀, Bàbá. Màá ṣe é dáadáa!”

Nínú gbogbo ohun tí bàbá sọ, “ṣe” nìkan ló wọ̀ ọ́ létí.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, ó dé ibi tí koríko ti ń sinmi. Ó ti ga dé ìbàdí, ìrì ń dán lórí rẹ̀, tata ń fò kiri. Ara bẹ̀rẹ̀ sí í yún Kò-Sinmi. “Oṣù méjì lẹ ti ń sùn!” ó jágbe mọ́ koríko. Ló bá ṣí ilẹ̀kùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sílẹ̀ gbayawu.

Ẹ ò rí ìdùnnú! Àwọn màlúù gbé ìrù sókè, wọ́n sáré bí ọmọ iléèwé tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ lu agogo ìparí fún. Arúgbó màlúù kan tí kò sáré láti ọdún mẹ́ta fò fẹ̀rẹ̀, ó ṣubú, ó dìde, ó tún fò. Kò pẹ́ tí wàrà fi pọ̀ débi pé korobá kò gbà á mọ́. Ìyá tó ń ta wàrà sáré gbé bàfù tí wọ́n fi ń wẹ ọmọ rẹ̀ wá. Gbogbo àdúgbò ń rẹ́rìn-ín, wọ́n ń fi wàrà ṣe irùngbọ̀n funfun. Orí Kò-Sinmi wú. Ó ní kí ìdílé kọ̀ọ̀kan kó ẹran mẹ́jọ wá, inú wọn sì dùn láti kó o.

Bàbá àgbà tó fún un ní kọ́kọ́rọ́ gbọ́. Ó ní kí káfíńtà fi bárò ti òun gun òkè. Wọ́n dé orí òkè, òógùn bò wọ́n.

“Ọmọ mi, èwo ló wà ní títì?”

“Kò sí, Bàbá. Gbogbo wọn ló ń ṣiṣẹ́!”

“Koríko wo ló wá ń hù?”

Kò-Sinmi rẹ́rìn-ín. “Ẹ̀yin náà, Bàbá! Kí ni koríko tún fẹ́ ṣe bí kò bá hù?”

Bàbá ní kí káfíńtà yí bárò padà.

Nígbà tó di oṣù kẹta, òkè náà ti dán bí orí tí wọ́n fi abẹ fá. Ẹran ti jẹ koríko dé gbòǹgbò, ẹ̀gún tí ẹran kankan kì í fẹnu kàn ló gba ibẹ̀. Wàrà gbẹ. Kò-Sinmi bá tún tẹra mọ́ṣẹ́: ó ń bomi rin òkè, ó ń gbálẹ̀ rẹ̀, ó ń bú u.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, màlúù méjìdínláàádọ́rùn-ún wó ọgbà, ebi sì darí wọn sí àdúgbò. Wọ́n jẹ òdòdó ojú fèrèsé. Wọ́n jẹ fìlà olùkọ́ lórí olùkọ́. Ọ̀kan wọ yàrá Kò-Sinmi, ó ń fa koríko gbígbẹ inú ibùsùn yọ, ọkọ rẹ̀ sì ṣì wà lórí ibùsùn.

“Ìyá wọn!” káfíńtà kígbe. “Àlejò rẹ ti dé o!”

Ẹ̀rín pa gbogbo èèyàn, àfi Kò-Sinmi. Màlúù tó wọ yàrá náà ni èyí tí ìyá rẹ̀ fi sílẹ̀ fún un. Egungun ìhà rẹ̀ ṣeé kà. Ó gbá a lọ́rùn mú, ó sì bú sẹ́kún.

Ìdílé mọ́kànlá pàdé ní ṣọ́ọ̀bù káfíńtà. Wọ́n gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n ní ẹran rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ tẹ òkè náà fún ọdún méjì. Ó kó wọn lọ fún àbúrò rẹ̀ lọ́nà jíjìn, ó ń wẹ̀yìn wò bó ṣe ń padà bọ̀. Wọ́n tún ní láràárọ̀, kó máa jókòó sẹ́nu ọ̀nà apá tí wọ́n tún tì pa kó lè sinmi, kó máa ṣọ́ ọ. Kò gbọ́dọ̀ mú ìgbálẹ̀ dání, kò gbọ́dọ̀ mú abẹ́rẹ́ dání. Ọwọ́ lórí itan.

“Kí ni kí n máa ṣe?” ó béèrè.

“Jókòó,” ni bàbá àgbà wí.

Ó jókòó. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ń jó, ìka rẹ̀ ń rìn kiri lórí itan. Gbogbo ẹni tó bá ń kọjá á rọra tẹrí ba, á ní, “Ẹ kú ìjókòó o!” Kò-Sinmi á sì dáhùn pẹ̀lú omijé lójú pé, “Oo.”

Ẹ̀kọ́ ibẹ̀ rèé, ẹ̀yin èèyàn mi. Kì í ṣe gbogbo ohun tó dákẹ́ ló ń ya ọ̀lẹ. Ilẹ̀ tí a tì pa ń ṣiṣẹ́ tí ojú wa kò rí, ẹni tó bá sì fi ìkánjú dá a dúró yóò fẹnu jẹ ti ọ̀la tán lónìí. Bí àgbà bá ní kí o má fọwọ́ kan nǹkan, bi í léèrè ìdí kí o tó rẹ́rìn-ín. Kí àwa tí à ń gbé bàfù sáré náà má sì gbàgbé pé a pàtẹ́wọ́ fún un.