Ìkúnlẹ̀ Àrìnpé ní Ìsàlẹ̀-Ìyá

Ọjọ́ méjì péré ni Àrìnpé fẹ́ lò ní ìlú Ìrọ̀rùn, ó sì ti pinnu pé ẹsẹ̀ lòun máa fi rìn ín já, àdúgbò dé àdúgbò. Ó la Òkè-Ọsàn kọjá, níbi tí àwọn òpó iná ti ń yà lọ́nà fún ẹlẹ́sẹ̀, ó bọ́ sí Ìsàlẹ̀-Ìyá. Níwájú ilé kìíní, ohùn arúgbó kan jáde lára ògiri.

"Káàbọ̀, ọmọ mi. Ṣé dáadáa lo dé?"

Ọmọ tí wọ́n kọ́ nílé kì í rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Àrìnpé kúnlẹ̀ wọ̀ọ̀. "Ẹ káàárọ̀, mà."

Ilẹ̀ abẹ́ orúnkún rẹ̀ tàn yòò. Ilẹ̀kùn ṣí.

Obìnrin kan tó ń gbálẹ̀ ní òdìkejì ju ìgbálẹ̀ nù. "Yéè! Wọn ò sọ fún ẹ ni? Ìyá yẹn ti kú láti ọdún mẹ́sàn-án, ohùn ẹ̀ ló ń wá ọmọ. Ẹni tó bá ti kúnlẹ̀ fún un, ìwé ìlú ti kọ ọ́ lọ́mọ ẹ̀ nìyẹn!"

Fóònù Àrìnpé dún. Nọ́ńbà ìyá rẹ̀ ni, ṣùgbọ́n níbi tí "Ìyá Mi" máa ń wà, "Àjèjì" ló wà níbẹ̀.

"Má gbé e, ọmọ mi," ni ògiri wí. "A ò mọ ẹni tó ń pè ẹ́."