Pápá Tí Ọkọ̀ Ogun Ti Tán

Ní Ìsẹ́yìn, kí Moróunkẹ́jì àti ìyá rẹ̀ tó jẹun àárọ̀ ni àwòrán ilẹ̀ Rọ́ṣíà tí sátẹ́láìtì yà ti máa ń sọ̀ kalẹ̀ láti ojú ọ̀run sórí kọ̀ǹpútà tó wà lórí tábìlì ilé wọn. Iṣẹ́ Moróunkẹ́jì ni kó máa ka ọkọ̀ ogun onírin tí àwọn ará Rọ́ṣíà kó pamọ́ sí pápá ńlá kan níbẹ̀. Ojú rẹ̀ ti mọ èyí tó dípẹtà yàtọ̀ sí èyí tó ṣì lè rìn. Akínfẹ́nwá àbúrò rẹ̀ wà lójú ogun tí Rọ́ṣíà ń jà, láàárín àwọn ọmọ ogun Rọ́ṣíà. Iṣẹ́ ilé-ìkẹ́rùsí ni wọ́n ní àwọn ń mú un lọ ṣe, àfi ìgbà tó bá ara rẹ̀ nínú ọkọ̀ ogun.

Láàárọ̀ ọjọ́ yìí, koríko ló bo pápá nínú àwòrán náà. Ọ̀gá rẹ̀ pè é láti Ìbàdàn.

"Mélòó ló kù?"

"Èyí tó lè rìn ò sí mọ́, sà. Egungun ọkọ̀ lásán ló kù."

"Ọlọ́run, a dúpẹ́ o! Ogun fẹ́ parí nìyẹn!"

Moróunkẹ́jì ò lè bá a yọ̀. Ohùn àbúrò rẹ̀ tó wọlé sórí fóònù rẹ̀ lánàá ṣì ń dún létí rẹ̀: "Ẹ̀gbọ́n mi, ọkọ̀ ti tán. Ẹsẹ̀ ni wọ́n ní ká fi rìn lọ bá ìbọn. Ẹ má sọ fún Màámi."

"Tí ọkọ̀ bá tán, sà, ṣé wọ́n á dá àwọn ọmọ ọlọ́mọ padà sílé?"

"Ènìyàn kọ́ ni wọ́n gbé fún wa kà, ọmọ mi."

Bó ṣe pa ìpè náà ni ìyá rẹ̀ gbé ẹ̀kọ gbígbóná wọlé.

"Ṣé ọkọ̀ tí ọmọ mi á wọ̀ ṣì wà?"

Moróunkẹ́jì fi ọwọ́ bo koríko ojú kọ̀ǹpútà náà.

"Ó wà, Màámi. Ó pọ̀ rẹpẹtẹ."