Iyán Àràárọ̀

Gbì, gbì, gbì ni ẹsẹ̀ Àlájà aláṣọ ń dún nílẹ̀ yàrá rẹ̀ lókè ilé ní àdúgbò Paspanga, nílùú tí wọ́n ti ń sọ Faransé. Okùn ń gba abẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ kọjá, òógùn bò ó, àfi bí ẹnìkan ṣe kanlẹ̀kùn.

Dókítà ló ní kó fi iyán sílẹ̀, kó máa fo okùn láràárọ̀ nítorí ọkàn rẹ̀. Ṣùgbọ́n ta ló máa gbọ́ pé ẹni tó ti ní ọmọ-ọmọ ń fò bí ọmọdé, tí kò ní rẹ́rìn-ín? Ó ju okùn sábẹ́ àga, ó ró ìró bo ṣòkòtò, ó ṣílẹ̀kùn.

Ìyá Nimotalahi tó ń gbé ìsàlẹ̀ ni, ó gbé abọ́ ẹ̀gúsí dání.

"Àlájà, ojoojúmọ́ lẹ̀ ń gúnyán lé wa lórí, ẹ ò pè wá rí! Mo ní kí n kúkú gbé ọbẹ̀ wá."

Òógùn ti jẹ́rìí lé Àlájà lórí.

"D'accord, ó dáa, ẹ jókòó. Iyán ti fẹ́rẹ̀ẹ́ délẹ̀."

Iṣu tó ń sè fún àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀ wà lórí iná. Ó kó o sódó. Lọ́tẹ̀ yìí, odó gan-an ló dún gbì, gbì, gbì.

Wọ́n ń jẹun lọ ni ẹ̀rín pa àlejò.

"Ẹ gbọ́ ná. Dókítà ní kí èmi náà fi iyán sílẹ̀, kí n máa fo okùn! Ǹ bá tiẹ̀ gbà, ká ní mo rí ẹni tá a jọ máa fò. Ṣùgbọ́n àgbàlagbà wo ló jẹ́ ṣe irú ẹ̀?"

"Okùn kẹ̀? Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́!" ni Àlájà wí.

Ó fẹsẹ̀ ti etí okùn wọ abẹ́ àga, ó bu òkèlè mìíràn.