Oògùn Ìpara Ojú Fèrèsé

Oṣù mẹ́jọ gbáko ni Tíṣà fi pa oògùn làpálàpá sí orí ọmú rẹ̀ kó tó dé ọ̀dọ̀ dókítà. Ó ń yún un, ó ń bó, omi ń sun níbẹ̀. Kẹ́místì ní làpálàpá ni. Ọkọ rẹ̀, tó jẹ́ télọ̀, ló máa ń lọ ra ìpara náà, tó sì máa ń gbé e sí ojú fèrèsé.

Dókítà gé ẹran bíńtín níbẹ̀ lọ yẹ̀ wò.

"Jẹjẹrẹ ni," ó wí. "Irú èyí ṣọ̀wọ́n. Kì í ní kókó, bí egbò ara lásán ló ń rí. Ẹ má pa ìpara yẹn sí i mọ́."

Tíṣà bú sẹ́kún. Télọ̀ ò sunkún. Ó ka ìwé nípa jẹjẹrẹ ọmú tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ògiri tán, ó tún un kà.

"Dókítà, tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yún èèyàn ńkọ́? Ṣé ó ṣì lè dúró díẹ̀?"

"Ti ìyàwó yín ti kọjá yíyún, bàbá. Ẹ jẹ́ ká gbájú mọ́ ìyàwó yín."

Wọ́n gé ọmú náà. Télọ̀ ti ṣọ́ọ̀bù pa. Ó ń dáná, ó ń fọ aṣọ àwọn méjèèjì, kò jẹ́ kí Tíṣà fọwọ́ kan nǹkan kan. Ó gé aṣọ funfun kan tó rọ̀ sí wẹ́wẹ́ fún ojú egbò rẹ̀.

"Èyí mà pọ̀ ju egbò mi lọ."

"Télọ̀ kì í ṣahun aṣọ."

Tíṣà rẹ́rìn-ín. Ó wo ọkọ rẹ̀. "Ẹ ti rù o. Ẹ jẹ́ kí dókítà wo ẹ̀yin náà."

"Kí ara tìẹ kọ́kọ́ yá ná."

Ní oṣù karùn-ún lẹ́yìn tí wọ́n gé ọmú náà, dókítà ní kò sí jẹjẹrẹ lára Tíṣà mọ́. Inú rẹ̀ dùn débi pé orin ló ń kọ wọlé. Ó ní òun lòun máa fọ aṣọ lọ́jọ́ náà. Ó kọ́kọ́ mú ìpara ojú fèrèsé, kó lè jù ú nù. Láti ọjọ́ tí dókítà ti kà á léèwọ̀ ni kò ti fọwọ́ kàn án mọ́. Ṣùgbọ́n tuntun ni èyí tó bá níbẹ̀, wọn ò tíì lò ó dé ìdajì.

Síńgílẹ́ẹ̀tì ọkọ rẹ̀ ló kọ́kọ́ fà yọ nínú agbọ̀n aṣọ: wọ́n rán aṣọ funfun wẹ́wẹ́ kan mọ́ inú rẹ̀ níbi orí ọmú òsì, ẹ̀jẹ̀ ti gbẹ mọ́ ọn, òórùn ìpara náà sì wà lára rẹ̀.